Ọjọ́ Tí Mo Ṣí Ọmọrí Abínúfùfù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Màmá Tẹlifíṣọ̀n pè mí láàárọ̀. Àwọn ni olórí ètò àwọn ọmọdé nílé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ohùn wọn dà bí ti ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fẹ́ eré àwòrán nípa korobá kan tó ń bẹ̀rù omi. Apá mẹ́tàlá. Kí n kọ́kọ́ ṣe apá kìn-ín-ní wá, ó pẹ́ tán, ogúnjọ́ oṣù yìí. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Wọ́n wá fi kún un pé àwọn ti ní kí ẹlòmíì náà ṣe tiẹ̀ wá. Ẹni tíṣẹ́ rẹ̀ bá dáa jù ló máa gba apá méjìlá tó kù.

Ẹlòmíì yẹn, Wàá-Padà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Wàá-Padà — ọ̀gá mi àtijọ́. Lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, ó na ìka sí mi lójú gbogbo ọ́fíìsì: "Wàá padà wá bẹ̀ mí." Odindi yàrá kan ni kọ̀ǹpútà kún fún un. Tèmi, ẹyọ kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìjẹun. Kò sì síṣẹ́ míì nílẹ̀. Tí èyí bá bọ́, mo máa padà lóòótọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Yíyà parí. Korobá mi rẹwà, ó lójú, ojú náà ń bẹ̀rù. Ó wá ku síse — ohun tá à ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kí kọ̀ǹpútà jókòó ti àwòrán kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa di fíìmù. Síse yìí ló ń pa Abínúfùfù. (Orúkọ kọ̀ǹpútà mi. Orúkọ náà ro ó.) Kó tó lọ jìnnà, ìgbóná rẹ̀ á ti di 100. Tó bá ti débẹ̀, á dẹ eré kó má baà jóná, á wá máa wọ́ bí ìgbín. Mo gbé fáànù yàrá wá kọjú sí i. Ooru ló kàn ń fẹ́ sí mi lójú.

Tíṣà (ọkọ mi, ìṣirò ló ń kọ́ wọn níléèwé) mú bíírò. Bó ṣe ń lọ yìí, ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó parí. Ó ní òun ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá òun lójú. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Atúnṣe, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó tú u, ó gbọn eruku rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní kì í ṣe fáànù. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dígí pẹlẹbẹ kékeré kan ni lójú bọ́ọ̀dù, àwọn tó ṣe é sì fi ọmọrí irin bò ó. Ọmọrí yẹn ló yẹ kó máa fa ooru jáde. Péèsìtì tí wọ́n fi sáàárín àwọn méjèèjì ló ti gbẹ kankan. Ooru ò rọ́nà lọ.

Mo ní ẹ bá mi ṣí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má kó bá mi o. Tọ́wọ́ bá yẹ̀ báyìí, ó ti parí nìyẹn." Ṣùgbọ́n ó fún mi ní òkú ọpọlọ méjì kí n lọ fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú irin olómi nínú abẹ́rẹ́ kékeré kan. Irin ni, ó ń ṣàn bí omi. Òun ni kí n fi rọ́pò péèsìtì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Òkú kìn-ín-ní: mo fi bíléèdì gé bọ́ọ̀dù rẹ̀ já. Òkú ò kúkú mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ.

Òkú kejì: ó ṣí, kò lápá kankan. Mo jó yí tábìlì po.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Tíṣà ní kí n rò ó dáadáa, tí Abínúfùfù bá kú ńkọ́. Mo ní tí kò bá kú, tíṣẹ́ ò sì parí, kí ni ìyàtọ̀? Ó bá mi kó àwo kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó mọ ìṣirò ni, ó mọ ìgbà tí ìdáhùn bá pé.

Bíléèdì tuntun. Gọ́ọ̀mù dúdú ló lẹ ọmọrí mọ́ bọ́ọ̀dù. Mo ti bíléèdì bọ abẹ́ igun kan, mo ń rọra wọ́ ọ lọ. Ọwọ́ tó ń ya ìpéǹpéjú fún korobá ò ní torí èyí gbọ̀n. Igun kejì, ìkẹta — ọmọrí ti wà lọ́wọ́ mi. Mo nu péèsìtì gbígbẹ kúrò, dígí náà ń dán débi pé mo rí imú ara mi.

Àwọn nǹkan wínníwínní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí irin olómi ò gbọ́dọ̀ kàn, torí iná á gbabẹ̀ kọjá. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná bò wọ́n. Tíṣà ní òun ò rí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe fáàrí rí. Irin olómi díẹ̀. Gọ́ọ̀mù tuntun yí ká. Ọmọrí padà sípò. Ó dọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

100. Kíá báyìí. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Wàá-Padà pè. Ó ní ogúnjọ́ ń sún mọ́lé o, ó ní àga mi ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sí i. Mo dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo wá sọ fóònù mọ́ àga.

Ìbínú yẹn ló là mí lójú. Ọpọlọ ò kú, ó kàn ń gbóná ni. Tí ooru ò bá jáde, a jẹ́ pé ọmọrí ò kan dígí. Mo tún un ṣí. Lóòótọ́, irin olómi wà lójú dígí bí mo ṣe fi í sílẹ̀, abẹ́ ọmọrí mọ́ tónítóní. Wọn ò fara kanra rárá. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ni mi ò ha kúrò, mo wá da tuntun lé e lórí, kó ṣáà lè lẹ̀ dáadáa. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Òrùlé ni mo gbé sókè.

Bíléèdì á ha bọ́ọ̀dù lára, ike ló yẹ. Mo tú dúrọ́ọ̀ títí, káàdì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ Wàá-Padà lọwọ́ mi bà. Etí rẹ̀ le, ó tún tín-ín-rín. Mo fi ha gbogbo gọ́ọ̀mù náà dànù, fọ́tò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé e kọ́rùn, kò wúlò fún mi tó báyìí. Gọ́ọ̀mù tuntun: ẹ̀kán kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ó tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

66.

Mo pe Tíṣà níléèwé, mo ní 66. Ó ní 66 kí ni? Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo fi kún eré rẹ̀. 72. Mo tún fi kún un. 77. Mo tún fi kún un, ó dákú. Mo dín in kù díẹ̀, ó jí, ó ń bá eré lọ. Ẹni tó ń wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń pín ogún dè. Atúnṣe wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é?" Mo ní rárá o, àǹjọ̀nnú ni.

Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Fíìmù ti jinná. Ibi tí korobá ti bẹ́ sódò, omi ibẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún un yà, mo tún un sè. Àyè wà. Èmi, tí mo lè sọ pé àyè wà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ẹnikẹ́ni ò pè. Mo fọ gbogbo aṣọ ilé yìí, àtèyí tó dọ̀tí àtèyí tó mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Màmá Tẹlifíṣọ̀n wá fúnra wọn. Wọn ò sọ tẹ́lẹ̀, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn mi. Wọ́n ní omi inú fíìmù ẹnìkejì dà bí ọ̀rá. Tèmi, ọmọ-ọmọ àwọn ní kí wọ́n fún òun mu. Wọ́n wá ń wo ẹ̀yìn mi, wọ́n yọjú wo kọ́rídọ̀. Wọ́n ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ yín dà?"

Mo ní èmi rèé, mà. Mo fọwọ́ ba Abínúfùfù, mo ní òun rèé. Tíṣà gbé omi tútù wọlé; mo ní ẹni tó kù nìyẹn. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. Wọ́n ní tiyín ni apá méjìlá tó kù. Wọ́n yọ ìwé àdéhùn, wọ́n tọ́ka sí ojú ìlà kan, kí n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mi síbẹ̀.

Kò lórúkọ. Mi ò ráyè rò ó rí, gbogbo èrò mi ni kí n má ṣáà padà. Tíṣà ń wò mí. Màmá ń wò mí.

Mo gba bíírò, mo kọ orúkọ ara mi.