Ijó Tí Yokasta Jó Nínú Fíìmù

Ẹ̀gbọ́n mi Eufemia,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Madrid. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá ti dé, wọ́n sì ti ń jẹ mangú ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wọn tán.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Yokasta ọmọ mi, tó ní kátíkísìmù lòun ń lọ, ti lọ jó bachata nínú fíìmù kan tó dá lórí àwọn ọmọléèwé tó fi ijó tako ọ̀gá iléèwé wọn. Gbogbo ìlú Baní níbí ń wò ó, inú wọn ń dùn. Bàbá wa máa wò ó ní Sọ́ńdè.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ kó o máa jùdí báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ẹ máa ń jó o tẹ́ ẹ bá ń fọ abọ́."

Ijó yìí ni Bàbá tìtorí ẹ̀ lé yín nílé. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò jẹ́wọ́ pé àwa méjèèjì la jọ jó o. Ní Sọ́ńdè, màá jẹ́wọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má tún dákẹ́.

Àbúrò yín,
Nereida