Ojú Tuntun Tí Ẹ̀rọ Wa Ní

Màmá mi,

Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, Göteborg níbí kò sì tutù tó Arjeplog lọ́dọ̀ yín. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?

Inú wa ń dùn níbi iṣẹ́. Ẹ rántí ẹ̀rọ wa tó ń yọ́ lẹ́búlẹ́bú irin ní ìpele-ìpele títí yóò fi di egungun ìbàdí tí wọ́n ń fi sí ara èèyàn. Tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà tó jẹ́ ojú tó ń ṣọ́ ọ lọ́ra: kó tó rí ihò, lẹ́búlẹ́bú mìíràn ti bò ó. Ojú tuntun yìí yára, ó ń rí i bí irin ṣe ń yọ́ lọ́wọ́.

Lánàá, a fi dán irú egungun tí a ń ṣe lọ́dún tí wọ́n fi tiyín sí yín lára wò, bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà gẹ́lẹ́. Ihò kan yọ ní ọrùn rẹ̀. Ragnhild tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Torkel, àwọn tó ti wà lára èèyàn ńkọ́?"

Mo ní kó mu kọfí rẹ̀ kó tó tutù. N kò sọ fún un pé ẹ máa ń gbá ìbàdí yín fún àlejò pé, "Ọmọ mi ló ṣe é."

Mo ń sùn dáadáa. Àfi pé bí mo bá ti dijú, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí pákó ilé wa.

Ẹ ní kí dókítà ya fọ́tò inú ìbàdí yín lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí nǹkan kan o, mo kàn fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ẹ bá mi kí Sixten aládùúgbò wa. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ko yìnyín ẹnu ọ̀nà. Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ ṣáà jókòó.

Torkel yín