Ọkọ̀ Tí Màmá Yóò Lè Wọ̀

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá, 1986

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ayépé dé.

Mo ní kí n gbé Màmá jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, ká kàn dé Odogbolu ká padà. A ò tíì kúrò ládùúgbò wọn tí wọ́n fi kígbe. Kòtò kékeré lásán! Igbe náà kì í ṣe igbe àgbà, bí igbe ọmọ tí omi gbígbóná dà lé lára ni. Dókítà ní egungun ìbàdí tó kán lọ́dún tó kọjá ti jinná. Ara Màmá ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí èmi àti àwọn ará ilé gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọkọ̀ ọkọ rẹ ti di ọlọ. Ó fẹ́ lọ̀ mí kúnná." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ mi ni wọ́n. Fredi nìkan ló yè nínú ọmọ tí wọ́n bí, Fredi náà sì ti kú láti ọdún méjì. Walter ọmọ wa wà ní Amẹ́ríkà. Ó ku èmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ku Màmá ní Ayépé, ọ̀nà sì wà láàárín wa.

Sọ́ńdè, 5 Oṣù Kẹwàá

Mo tún se ìrẹsì ju ẹnu kan lọ.

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá

Mọ́rúfù mẹkáníìkì. Nínú ọkàn mi, Ó-Ti-Parí ni mò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nípa gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nìyẹn. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ Pijó wa, ó pẹ́ níbẹ̀. "Màdáámù, sípíríǹgì ẹ̀yìn ti sùn. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ó ti parí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n rán ọkùnrin kan sí òun kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ páàtì. Mo ní èmi ni ọkùnrin náà. Ó wolẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mò ń wa ọkọ̀ yìí lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Odogbolu. N ò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ tó báyìí. Iwájú ni mò ń jókòó. Ẹ̀yìn ni ìyà wà.

Gbogbo èèyàn ló ní kí n tà á. Walter pàápàá. Wọn ò yé mi.

Tọ́sìdé, 9 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀bù Kúbúrátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìbàdàn. Obìnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀! Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un. Kò wojú mi dáadáa. Àwọn oníbàárà pọ̀. "Àǹtí, kí lẹ fi ń kó?" Mo ní, èèyàn. Ló bá gbé sípíríǹgì méjì kalẹ̀, ó ní ohun tí gbogbo onítakisí ń rà nìyẹn, pé ọkọ̀ mi ò ní sùn mọ́ láéláé.

Mo gbé wọn sí búùtù jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun wálé.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá

Mọ́rúfù ti de sípíríǹgì náà. Pijó gbé ìdí sókè bí àgbò tó fẹ́ kàn. Ó-Ti-Parí ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá a lẹ́yìn. Mo ní kó wà á, kí èmi dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Mo dùbúlẹ̀ síbi tí Màmá máa wà. Láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀ yìí, n ò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó ń wakọ̀ nìkan lèèyàn ń rí. N ò retí ohun tí ìyẹn máa ṣe mí. Ọrùn ẹlòmíràn, kì í ṣe ti Fredi.

Lẹ́yìn náà — kòtò Ìmọ̀wò. Eyín mi gbá ara wọn. Òkúta ni! Ó burú ju tàtijọ́ lọ. Mo ní kó dúró. Ó rí omi lójú mi, ó rò pé ìdí ń dùn mí ni. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè, 12 Oṣù Kẹwàá

N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó wá wò ó pé kí ló dé.

Túsìdé, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo fìbínú lọ bá Kúbúrátù. Mo ní òkúta ló tà fún mi. Òun náà ò gbà: "Àǹtí, ẹ ní èèyàn. Onítakisí ń kó èèyàn mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù wọn. Èèyàn wo ni tiyín?" Mo ní ìyá arúgbó kan ni, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, igbe rẹ̀ ò kúrò létí mi.

Ó fa bẹ́ǹṣì wá fún mi. Ó ní ìyá tòun náà lo oṣù púpọ̀ lórí ẹní kó tó kú, kò sí ọkọ̀ tó ṣeé gbé e sí. Ó ní èyí tó rọ̀ ni mo fẹ́, sípíríǹgì ti Pijó gan-an, àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tí kò ní jẹ́ kó máa jó. Kò sí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n òun ń lọ sí Èkó lọ́jọ́bọ̀. "Ẹ bá mi lọ, Àǹtí."

Mo ní mo níṣẹ́. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló tún sọ fún mi láti ọdún méjì pé kí n bá òun lọ síbì kan?

Tọ́sìdé, 16 Oṣù Kẹwàá

Kúbúrátù ti lọ sí Èkó. Mo yà síbi sàréè Fredi nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Ọjọ́ gùn.

Mọ́ńdè, 20 Oṣù Kẹwàá

Kúbúrátù gbé páàtì wá sílé fúnra rẹ̀! Gírísì ṣì wà lára wọn. Ó gba sípíríǹgì líle padà láìjanpata. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo yàrá yíká. "Àǹtí, ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?" Mo ní rédíò. Ó rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 25 Oṣù Kẹwàá

Ó-Ti-Parí ti de àwọn tuntun. Mo tún dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Kòtò Ìmọ̀wò kọjá lábẹ́ mi bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi gun ìgbì, tó sì rọra sọ̀. Mo ní kí Ó-Ti-Parí tún un gbà. A gbà á títí tó fi sú u.

Sọ́ńdè, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Màmá pé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, pé màá wá gbé wọn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Màá bá ọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde." Wọn ò dárúkọ ìkórè.

Sọ́ńdè, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo to ìrọ̀rí sẹ́yìn ọkọ̀, èmi àti àwọn ará ilé gbé Màmá lé e. Wọ́n wọ bùbá funfun. Mo ń wo ojú wọn nínú dígí ju bí mo ṣe ń wo ọ̀nà lọ. Kòtò àkọ́kọ́ — wọ́n di àga mú. Kò sí igbe. Èkejì — wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a kọjá Odogbolu, wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ mìíràn lo rà ni?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin.

A wọ ìlú. Mo fẹ́ yà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Má yà síbẹ̀, ìyàwó mi. Gbé mi lọ síbi tí ọmọ mi wà."

Mo tẹ búréèkì. Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn àgbà ilé jókòó tì wọ́n nínú yàrá ní Ayépé, kí wọ́n má baà gbọ́ ibi tí a sin ín sí pàápàá. Bí ẹbí Fredi bá gbọ́ pé èmi ni mo mú wọn débẹ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ fi ojú oórì ọkọ mi pa ìyá rẹ̀.

"Màmá, èèwọ̀ ni."

"Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ léèwọ̀ ilé wa? Wọ́n ní bí mo bá rí i, ọkàn mi ò ní balẹ̀ mọ́. Mi ò rí i, ṣé ó balẹ̀? Bí mo bá ń pè é, mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí."

Mo yí ọkọ̀.

Ojú ọ̀nà tóóró tó gba àárín àwọn sàréè kọjá kún fún gbòǹgbò igi. Pijó gùn wọ́n jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Fredi. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Màmá ò sọ̀kalẹ̀, wọn ò lè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n kàn ń wò. Lẹ́yìn náà wọ́n pe orúkọ tí àwọn nìkan máa ń pè é: "Bọ́dúnrìn. Bọ́dúnrìn o." Wọ́n dẹtí bí ẹni ń retí ìdáhùn. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ mọ́. Ta ló ń roko rẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"O ò sọ fún mi rí."

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀. "Wọ́n ya ẹkún wa nípá," ni wọ́n wí. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn, a sì sunkún Fredi pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ò padà sí Ayépé. Kì í ṣe lónìí nìkan. Wọ́n fẹ́ wà níbi tí ọmọ àwọn wà nítòsí.

Ó-Ti-Parí bá mi gbé wọn wọlé. Wọ́n ti sùn ní yàrá Walter. Ọ̀la, ẹbí á dé láti Ayépé láti bi mí ohun tí mo fi ìyá wọn ṣe. Kí wọ́n máa bọ̀. Àwa méjèèjì wà nílé.