Ìgò Kékeré Tí O Gbàgbé Sílé

Akọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira ìlú ńlá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ rọ. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ sì ti bímọ méjì.

Má bẹ̀rù o, ìyá àgbà wà láàyè, ó sì ti jẹun. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Ìgò kékeré tí o mú wálé lóṣù tó kọjá láti fi iyanrìn kíkúnná tí ojú kò lè rí, tí ẹ ń sè sínú omi níbi iṣẹ́, hàn wá, yàrá ìyá àgbà lo gbàgbé rẹ̀ sí. (Bàbá rẹ ṣì ń bèèrè ohun tó dé tí ẹ ò sè é kó tóbi díẹ̀, kí èèyàn lè rí hóró kan kó mọ̀ pé iṣẹ́ lò ń ṣe.) Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wọlé bá ìyá àgbà, ìdérí ìgò wà nílẹ̀, omi rẹ̀ ti dà sí i lọ́wọ́, ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ kán oògùn sójú. Mo bi í bóyá ó ti kán an, ó ní òun ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé májèlé wà nínú rẹ̀, pé ẹ kì í fi ọwọ́ lásán kàn án.

Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé fóònù rẹ, ó ní o kò sí nítòsí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sáré lọ pè ọ́ wá, pé ojú ìyá ọkọ mi ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Ẹni tí kò láàánú bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kó máa gbé fóònù rẹ mọ́.

Bàbá rẹ gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ orúkọ ohun tó dà sí i lára. Mo kọ ọ́ pé iyanrìn tí ọmọ mi sè ni. Ó wò mí, ó ń da omi sójú ìyá àgbà ṣáá. Ó ní tó bá ti wọ inú ojú, àfi ilé ìwòsàn ńlá, ibẹ̀ sì jìn.

Ìgbà náà ni mo rántí àlàyé rẹ, pé ohun kan náà ni gbogbo hóró iyanrìn náà, pé bí wọ́n ṣe tóbi sí ló ń yí àwọ̀ wọn padà: èyí tó kéré á tàn bí ewé tútù, èyí tó jù ú lọ á pọ́n, tí a bá ti tan irú iná tí wọ́n fi ń mọ ayédèrú owó sí i. O tún ní òróró wà nínú rẹ̀, omi lásán kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Mo sáré lọ yá iná náà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù òdìkejì. N kò tilẹ̀ wọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo fèrèsé, ó ní kí ìyá àgbà dijú. Ìka rẹ̀ méjì pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà pọ́n. Iná gòkè dé ìpéǹpéjú, dé irun ibẹ̀. Dúdú ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá rẹ kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì.

A fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi tàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà jẹ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe oògùn ojú. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí o sọ pé ó ń tàn, òun sì rò pé bí ohun tó ń tàn bá wọ ojú òun, bóyá òun á tún rí ọ, torí nígbà tí o wá, ohùn rẹ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ òun.

Nọ́ọ̀sì ní awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ ṣeé yọ, dókítà ojú sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Owó iṣẹ́ abẹ náà ni mo fẹ́ kí o bá wa wá, má fi rán ẹnikẹ́ni, ìwọ ni kó o mú un wá. Ìyá àgbà ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú òun, ìwọ ni kó o jókòó síwájú òun.

Ohun tí o ń sè kò ní jó ọ lọ́wọ́. Wàá dé ire, wàá sì bá gbogbo wa láàyè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.