Mo Febi Pa Dróònù Tó O Rà fún Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi, ìyá kékeré tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá iléèwé,

Mo kí ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ara mi le, bí a bá yọ orúnkún, ẹ̀yìn àti ìyá rẹ sẹ́yìn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ìlú ńlá di ẹrù tí ọrùn rẹ ò lè gbé. Jókòó kó o tó ka ìyókù o.

Dróònù tó o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́, ó sì ti lọ. Má tíì pariwo. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ ti rọ, ògiri ló ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àtìgbà tí àgbàrá sì ti gbé afárá lọ, kò fojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lódìkejì odò mọ́, adití sì nìyẹn, fóònù ò wúlò fún un. Torí ẹ̀ lo ṣe ra ẹ̀rọ tó ń fò bí ẹyẹ, tó ń fi ohun tó bá rí hàn lójú fóònù, o ṣeun.

Lọ́jọ́ kìíní, onígbàjámọ̀ àdúgbò, tó ní kò sí ohun tó ní wáyà tí òun ò mọ̀, bá mi tò ó. Ó kùn bí agbọ́n, ó gbéra, gbogbo ẹyẹlé mi sá wọlé, wọ́n rò pé àwòdì ti dé. Mo gbé fóònù síwájú ìyá rẹ. Ó rí òrùlé wa, ó ní páànù ti dípẹtà, pé òun ti ń wí i fún mi tipẹ́. Ó rí odò. Ó wá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lágbàlá, ọlọ́kọ̀ ojú omi ti bá wa jíṣẹ́ fún un, ó gbójú sókè, ó ń juwọ́. Ìyá rẹ fi ọwọ́ òsì juwọ́ padà sí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́ tán! Mo ní èmi ọkọ ńkọ́, ṣé ojú tèmi ò tó wò jẹun ni, ó ní kí n lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì ni mo fi ọgbọ́n mi ba nǹkan jẹ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń sin ẹyẹlé. Èyí tó bá yó kì í tètè wálé, ebi la fi ń pè é. Onígbàjámọ̀ ní kí n jẹ́ kí dróònù jẹ iná yó kó tó fò. Mo ní kí ló mọ̀ ju kó gé irun èèyàn págunpàgun lọ. Mo yọ ọ́ lẹ́nu iná nígbà tó jẹun dé ìdajì, mo ní kó lọ kó bọ̀ wá jẹ ìyókù.

Ó dé àárín odò, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pupa, ó ń dún pì-pì-pì. Mo rò pé ó ń yọ̀ ni. Ó fúnra rẹ̀ ṣẹ́rí padà. Mo ní ọ̀lẹ, o ò tíì jíṣẹ́! Mo fi àtàǹpàkò tì í síwájú lójú fóònù. Onígbàjámọ̀ ń ké pé kí n fi í sílẹ̀, ìyá rẹ ń ké pé kí n tì í. Ìyàwó mi ni mo gbọ́ tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Omi kún ojú fóònù, ó sì ṣú.

Ìyá rẹ ò bú mi. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ó kọjú sógiri, ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí, ṣíbí tíì méjì péré ló ń mu lóòjọ́. Mo dá gbogbo àpárá tí mo mọ̀, mo fi orúnkún yìí jó, kò bojú wẹ̀yìn. Àwàdà mi ti tán, ọmọ mi.

Lánàá, ọlọ́kọ̀ ojú omi ní ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń wọ aṣọ tó dáa, tó ń gbé àga sí àárín àgbàlá, tó ń juwọ́ sójú ọ̀run tó ṣófo. Ó rò pé àbúrò òun ń wo òun. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ. Mi ò lè sọ ọ́.

Nítorí náà, má ra òmíràn. Fowó ránṣẹ́ ká fi gba ọkọ̀ ojú omi tó gbòòrò àti ọkùnrin mẹ́rin tí yóò gbé ìyá rẹ sọdá tòun tàga. Má gba ti báńkì fi ránṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n gbójú wá kí ẹ̀rọ wò ó kí wọ́n tó sanwó, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Òótọ́ ló sọ, a ò pàdé rí. Ọkùnrin mẹ́ta pàápàá yóò tó, bí ìwọ fúnra rẹ bá wá di ẹsẹ̀ àga kan mú. Má pẹ́.

Ọ̀nà rẹ ò ní dí. Ẹni tó o bá fẹ́ rí kò ní jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lè dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.