Ìkarahun Ràímì Gba Pálọ̀ Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ìyá mi, abiyamọ tòótọ́,

Ṣé ara tù yín níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ Ràímì, àkọ́bí yín, ni mo gbé wá. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní bùọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, àmọ́ ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán pátá.

Àdúrà ọdún ikú yín ti tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé tiwa, ilé àkọ́bí ọkùnrin la ti ń ṣàdúrà ìyá. Òun ló ń jókòó ti ààfáà, tó ń pe orúkọ ìyá àti ti ìyá-ìyá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ Ràímì ní Riviera, àdúgbò àwọn olówó, ni mo fẹ́ kí wọ́n ti pè yín, torí ẹ ò sùn níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ tó wọlé! Nígbà tí ẹ wà láyé, ó ní àyè ò sí. Ilé yín ní Koumassi náà lẹ kú sí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wá rí àyè báyìí? Àpótí gíláàsì gbọọrọ, tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì yín. Ó lọ ń fi bidon, kẹ́ẹ̀gì ńlá, pọn omi òkun ní etíkun Vridi, ó kó òkúta òkun àti ẹja wẹ́wẹ́ sí i, torí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ní irú ẹ̀ nílé. Ọ̀gá yẹn kìlọ̀ fún un pé omi náà ṣì tuntun, kó jẹ́ kó pẹ́ kó tó fi ẹran oníkarahun sí i. Ta ló ń gbọ́? Ó ra ìkarahun ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, irú palourde tí ẹ máa ń sè fún wa, tí èyí tí kò bá lanu ẹ ó jù ú nù. Àmọ́ tirẹ̀ tóbi, ètè wọn búlúù bí aró. Mi ò ní purọ́, wọ́n rẹwà. Tí òjìji èèyàn bá kọjá níwájú wọn, wọ́n á panu dé.

Nítorí òjìji yìí ni Ràímì ṣe ní ká má wọ pálọ̀. Èrò á pọ̀ jù fún àwọn ẹran òun. Kí àwọn ààfáà jókòó sí gáráàjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Mo bi í pé, "Ta ló bí ọ, èèyàn ni àbí ìkarahun?"

Ó ní, "Má pariwo, o ń da àwọn ẹran mi láàmú."

Mo kó ìkòkò mi, ó di àgbàlá yín ní Koumassi. Láàárọ̀ ọjọ́ àdúrà, ìyàwó rẹ̀ wá sọ fún wa pé gbogbo ìkarahun náà ti kú, wọ́n lanu sílẹ̀ gbàgà, ẹja ń kú tẹ̀lé wọn, òórùn ti lé àwọn ọmọ jáde. Ọkọ rẹ̀ ń gbọ́n omi, ó ń bú àwọn atukọ̀ pé wọ́n tan òun. Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ wa, ká máa fi ìwàǹwára tiwa bú ẹlòmíì?

Ààfáà dúró títí. Gbogbo àgbàlá ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n yíjú sí mi, èmi obìnrin, èmi àbíkẹ́yìn, wọ́n ní kí n súnmọ́ àwọn. Mo pe orúkọ yín, Àṣàkẹ́ ọmọ Àbẹ̀kẹ́. Ohùn mi ò gbọ̀n.

A ti ń pín sàárà kí Ràímì tó dé, omi òkun ń kán ní ṣòkòtò rẹ̀. Ó bẹ ààfáà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà pè yín.

Ààfáà ní, "A ti pe ìyá rẹ. Wọ́n sì ti gbọ́."

Ṣé lóòótọ́ lẹ gbọ́, Ìyá mi? Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ohùn yẹn?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.