Káàdì Inú Páálí Àhesọ: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Ẹ̀rí-Dà

Ẹbí olóògbé ń kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn lónìí. Ẹ fìdí balẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹnu dídùn lásán kọ. Olùkọ́ tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ ni à ń sin. Nítorí náà, a fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo yín pé kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé yìí tí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn.

Wọ́n bí olóògbé ní ọdún 1946.

Tàbí 1947. Ìwé ìrìbọmi sọ pé 1946, ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ pé 1947, ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí olóògbé fi ọwọ́ ara wọn kọ, sọ pé 1949. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó wà láyé, tó sì wà nílé lọ́jọ́ náà, sọ pé ọdún tí àwọn kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ni. Páànù ọ̀hún ti jò títí, wọ́n ti ṣí i kúrò. Awakọ̀ reluwé ni bàbá olóògbé. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn, wọ́n sì kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ àdúgbò sínú ìwé ńlá kan, àfi ti ọmọ tiwọn, nítorí pé ọwọ́ wọn dí lọ́jọ́ náà. Ohun tó dá wa lójú ni pé wọ́n bí Bàbá.

Àbígbẹ̀yìn olóògbé, obìnrin, aránṣọ, ni ẹbí yàn pé kó kọ ìwé yìí. Kì í ṣe pé òun ló mọ̀wé kọ jù. Òun ni kò sí nínú yàrá nígbà tí a ń pín iṣẹ́. Ó ní kò burú, bí Bàbá ṣe kọ́ gbogbo ayé lòun máa ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì wọn kò lè gbàgbé. Ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kí o fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kí o ṣe. Bí wọ́n bá ní kí o jiyàn, má jókòó máa ròyìn. Ohun kan tí o fẹ́ sọ, káàdì kan. Ẹ̀rí rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí o ti rí i àti ẹni tó sọ ọ́, lọ sórí ìwé mìíràn, kí o fi píìnì kàn án mọ́ ìdí káàdì náà. Ohun tí alátakò rẹ máa sọ gba káàdì tirẹ̀, má fi pamọ́. Tò wọ́n sórí tábìlì títí ọ̀kan yóò fi máa fa èkejì lọ́wọ́. Ìfáàrà ni kí o kọ gbẹ̀yìn. Káàdì tí kò bá ní píìnì, páálí bàtà kan wà nílẹ̀ tí wọ́n kọ ÀHESỌ sí lára. Ibẹ̀ ni kó lọ sùn.

Àbígbẹ̀yìn tò káàdì ọgọ́ta sórí tábìlì ìjẹun. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ń kó tiwọn wá: "Bàbá lawọ́." "Bàbá kì í bínú." "Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn wọn." Bó ṣe ń béèrè ẹ̀rí ni páálí Àhesọ Bàbá ń kún. Kó tó di ọ̀sán, káàdì mẹ́rin péré ló kù lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé Bàbá ti kú.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni àkọ́bí, tó jẹ́ dókítà eyín, fi igbe ta, "ṣé o fẹ́ sin Bàbá ni àbí o fẹ́ máàkì wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí dà?"

"Áà! Wọ́n ò tíì gbé Bàbá kúrò nílé òkú, wọ́n ti padà wá."

Ní ọdún 1970, olóògbé wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ, ibẹ̀ sì ni ìtàn tí gbogbo yín mọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àròkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún kíláàsì wọn ni: kí ló fà á tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀? Olóògbé gba mọ́kànléláàdọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, máàkì tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí níbẹ̀. Wọ́n sọ ìtàn náà fún gbogbo kíláàsì tí wọ́n kọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún àwa ọmọ nígbàkigbà tí a bá mú èsì ìdánwò wálé. Àròkọ ọ̀hún wà nínú àpòòwé kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n sì ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án.

Ní ọdún 1974, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó. Ilé iṣẹ́ bàtà yẹn kan náà ni ìyá wa ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó bàtà sínú páálí. Bí a bá béèrè bí wọ́n ṣe pàdé, Bàbá á ní ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ìyá wa á ní kí a lọ fọ abọ́.

Ní ọdún 1976, kọ́lẹ́ẹ̀jì gba olóògbé síṣẹ́ olùkọ́. Yàrá wọn ló kẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, àga mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì ni ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ìbẹ̀wò má bàa pẹ́. Bírò pupa wọn kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ẹ̀rí dà?" Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Ẹ̀rí-Dà ti wá. Nígbà tí káfíńtà kan wá tọrọ ọmọ wọn obìnrin àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín gan-an ni."

"Gan-an kì í ṣe ẹ̀rí," ni Bàbá wí.

Káfíńtà dìde, ó lọ, a rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé tábìlì ìjẹun dé. Orí tábìlì yẹn ni a tò káàdì sí.

Nínú ìjọ, olóògbé kò pa ìsìn jẹ rí. Lọ́jọ́ kan tí olùṣọ́-àgùntàn ń wàásù pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti bàjẹ́, wọ́n nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó nínú wọn lẹ bi?" Láti ìgbà náà ni olùṣọ́-àgùntàn ti ń gbé ìwé mẹ́ta gun orí àga ìwàásù. Ní àdúgbò, nígbà tí omi gọ́tà ń wọlé wa, wọn kò jẹ́ kí a kọ "ìyà ń jẹ wá" ránṣẹ́ sí kánsù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ka iye ọjọ́ tí omi wọlé àti iye ilé tó wọ̀, a sì fi òpópónà kejì ṣe àfiwé. Ìwé náà dára púpọ̀. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, tí àfiwé òpópónà kejì wà, nìkan ni kánsù kà, wọ́n sì wá tún gọ́tà òpópónà kejì ṣe.

Ní ọdún 2004, àbígbẹ̀yìn wọ kíláàsì bàbá rẹ̀. Ó kọ àròkọ lórí ìdí tí àwọn obìnrin àdúgbò kì í fi í dìbò. Bàbá fún un ní méjìdínlógójì, wọ́n sì sọ níwájú kíláàsì pé nígbà tí àwọn wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, mọ́kànléláàdọ́rùn-ún làwọn gbà. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, ó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Inú ilé kan náà ni òun àti Bàbá ń gbé títí Bàbá fi kú, wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọn kò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé.

Ẹ ó rí ìdí tí àpòòwé orí kọ́bọ́ọ̀dù fi ká a lára. Atẹ̀wé ní òun gbọ́dọ̀ rí gbogbo ọ̀rọ̀ gbà kí aago méjì Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ètò wa ni pé fọ́tò Bàbá ni yóò wà níwájú, àròkọ mọ́kànléláàdọ́rùn-ún ni yóò wà lẹ́yìn. Bí gbogbo tábìlì bá tilẹ̀ ṣófo, káàdì yẹn ní ẹ̀rí. Àbígbẹ̀yìn sì ń fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó lè mọ ohun tí tirẹ̀ fi kù láti bí ogún ọdún.

Aago kan Ọjọ́bọ̀, káfíńtà fi ọ̀bẹ ṣí àpòòwé. Àròkọ méjì ló jáde, píìnì tó ti dógùn-ún so wọ́n pọ̀. Ti òkè ní orúkọ Bàbá, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ni, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà mọ́kànlá ni olùkọ́ wọn ìgbà náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Ẹ̀rí dà?" Ti ìsàlẹ̀ gba mọ́kànléláàdọ́rùn-ún. Ọwọ́ ìkọ̀wé ibẹ̀ kì í ṣe ti Bàbá, wọ́n sì ti ya igun tí orúkọ wà.

Àkọ́bí yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ ti ìsàlẹ̀," ló wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ni, wọ́n ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. "Èmi máa mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́."



Ìyá wa jókòó. Wọ́n ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ làwọn ń lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, olùkọ́ kan náà sì ló ń kọ́ àwọn. "Ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà ni mo fi dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa. Ogójì èèyàn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo bi. Káàdì tí a máa ń so mọ́ bàtà ni mo ń kọ ọ́ sí, mo ń kó o sínú páálí bàtà, torí ohun tó wà nítòsí mi nìyẹn. Bàbá yín kọ tiwọn lórí ibùsùn. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n wá yá tèmi, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo lọ gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tíì kà á tán. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní kí n jókòó kí n jẹun. Ẹ̀yin nìyí."

"Mọ́mì!" Àbígbẹ̀yìn dìde. "Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi máàkì yín bú wa láti kékeré?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń bú," ni ìyá wa wí. "Èmi ni wọ́n ń yìn. Kí ni mo fẹ́ bínú sí?"

Ẹbí dàrú. Àbígbẹ̀yìn kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun lọ bá ẹni tó wà nílé òkú jà. Ó mú káàdì tó kọ mọ́kànléláàdọ́rùn-ún sí, ó fẹ́ jù ú sínú páálí Àhesọ, ṣùgbọ́n páálí ti kún. Ó fi ìbínú dà á nù sílẹ̀. Àwọn káàdì tí Bàbá fúnra wọn ti jù síbẹ̀ látijọ́ bọ́ jáde láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan sì dojú sókè. Bírò pupa, ọdún 2004: "Àbígbẹ̀yìn mi yóò mọ̀wé kọ jù mí lọ." Kò sí píìnì nídìí rẹ̀.

Àkọ́bí ní àforíjì ni Bàbá ń tọrọ. Ọmọ kejì, ìyàwó káfíńtà, ní rárá, Bàbá wò ó, wọn ò rí ẹ̀rí, wọ́n dà á nù. Káfíńtà ní bí wọ́n bá dà á nù, kí ló ṣe wà nínú ilé?

Àbígbẹ̀yìn kò dá sí wọn. Ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fa àròkọ 2004 yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì kà á. Ojú ewé kejì kò ní ẹ̀rí kankan. Méjìdínlógójì tọ́ sí i dáadáa. Ó wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá. Àròkọ àkọ́kọ́ ti bàbá, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àròkọ àkọ́kọ́ ti ọmọ, méjìdínlógójì. Ó fi máàkì mẹ́sàn-án ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tí káàdì yẹn ń wá wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní gbogbo ọjọ́ ayé olóògbé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè kàn án, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jáde kí ọmọ rí i. Apá wọn kò ká a. Àbígbẹ̀yìn mú píìnì aṣọ kan, ó kan àròkọ méjèèjì mọ́ ìdí káàdì náà, ó sì gbé e padà sórí tábìlì. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó jókòó, ó kọ ìfáàrà tí ẹ kọ́kọ́ kà lókè yìí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní bí Bàbá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Olóògbé fi ìyá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, àna kan tó jẹ́ káfíńtà, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, àti ọmọ-ọmọ méje. Àkọ́bí kà mẹ́jọ. A ti ní kó lọ tún un kà.

Bàbá Ẹ̀rí-Dà, ẹ sùn ire o. Ẹ gbé bírò sílẹ̀. Kí Ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n bí yín gan-an fi àánú ka ìwé yín, kó má sì béèrè ohun tí ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ wa.

Kí àbígbẹ̀yìn tó sáré gbé ìtàn yìí lọ fún atẹ̀wé, ó kà á fún ìyá wa láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ó dáa. Sọ fún atẹ̀wé kó lo ìwé tó nípọn. Ooru máa mú lọ́jọ́ yẹn, abẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn máa fi ṣe."